Aṣọ kọ́ lẹ̀ ń tijú, ọlọ́jà ni: ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Yaba lórí òkírìkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ojú tí a fi ń wo òkírìkà l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tó ń dùn mí jù. Ẹni tó wa mọ́tò tòkunbọ̀ wá síbí lónìí, tí fóònù ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ UK used, tí fíríìjì ilé ẹ̀ ti sin òyìnbó kan kó tó dé Alaba, òun náà ló máa fọwọ́ bo imú tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì aṣọ kọjá ní ọjà òkírìkà Katangowa. Mọ́tò àlòkù ò bà á lójú jẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù ló bà á lójú jẹ́. Kí ló dé?

Wọ́n á ní ó dọ̀tí, pé kúrùnà wà nínú ẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò tó ń fa kúrùnà, ara èèyàn ló fi ń ṣe ilé, tó bá ti kúrò lára èèyàn kì í sábà lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tó fi máa kú. Béèlì, ìyẹn ẹrù aṣọ tí wọ́n dì pọ̀, tó kúrò ní England tàbí Kánádà, ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi wà lójú òkun kó tó dé Kútọnu, kó tó gba Sẹ̀mẹ́ wọlé, kó tó wá dùbúlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù? Làpálàpá ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́, torí èyí lè pẹ́ lára aṣọ, omi gbígbóná àti ọṣẹ ló sì ń kápá ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa. Ti pátá àti kọ́mú, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rà á, Ghana gan-an ti fòfin de àwọ̀tẹ́lẹ̀ àlòkù. Èyí tó kù, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́.

Àwọn míì á ní aṣọ òkú ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ yẹn, ẹni tó wà láàyè ló fi í tọrẹ nítorí pé ó sú u tàbí pé ó ti sanra. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Oxfam àti Salvation Army á gbà á, wọ́n á ta díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, èyí tó ṣẹ́kù á lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń ṣà á ní gíréèdì gíréèdì, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di béèlì kílò 45 tàbí 55. Ká tiẹ̀ wá ní aṣọ òkú ni, nígbà tí bàbá bá kú nílé wa ńkọ́? Ṣé a kì í pín aṣọ ẹ̀ ni? Àbúrò bàbá á gbé agbádá sányán yẹn wọ̀ lọ òde, gbogbo èèyàn á ní ó yẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ bo imú. Ẹnì kan á sì tún pa òwe fún mi pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀ a ṣo ni. Ẹni tó ń pa òwe yẹn fún olókìrìkà ò ronú ẹ̀ dọ́pin. Àgbàwọ̀ ni òwe ń bá wí, ohun tí mo fowó ara mi rà, tèmi ni.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ lọ sí Katangowa, lọ́nà Abẹ́òkúta níbẹ̀ yẹn, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ já béèlì. Ìyá tó ni béèlì ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ o, ó dijú rà á ni, owó gọbọi ló san, pàápàá láti ìgbà tí náírà ti já bọ́ lóṣù kẹfà ọdún 2023 tí dọ́là kúrò ní 460 tó wá kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé okùn ẹ̀, aṣọ á tú jáde, àwọn obìnrin tó ti dúró á bò ó. Ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Wọn kì í wo àwọ̀ kọ́kọ́, kọ́là ni wọ́n ń yí sẹ́yìn, wọ́n á fọwọ́ ra abẹ́ abíyá bóyá ó ti gbó, wọ́n á fa síìpù lọ fa síìpù bọ̀, wọ́n á gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, ká tó ṣẹ́jú wọ́n ti mú mẹ́wàá sọ́tọ̀. Ìmọ̀ nìyẹn, wọn ò kọ́ ọ ní yunifásítì kankan. Èyí tó kù á di ti owó kékeré, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á lù ú ní gbàǹjo, èyí tí ò ṣe é wọ̀ á di ràágì fún mẹkáníìkì. Tí béèlì yẹn bá jẹ́ kìkì jákẹ́ẹ̀tì òtútù, gbèsè ìyá yẹn nìyẹn.

Nínú àwọn tó mú mẹ́wàá yẹn, ọmọbìnrin kan wà tó máa fọ̀ ọ́, tó máa lọ̀ ọ́, tó máa yà á ní fọ́tò gbé sórí Instagram, ó ṣiṣẹ́ o, mi ò bá a jà. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo ń bá jà. Wọ́n á jókòó ní Lekki, díspáàṣì á gbé e wá nínú nylon tó ń dán, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí pátì, wọ́n á sì máa pe ìyá tó já béèlì náà ní onídọ̀tí ọlọ́jà bọ́síkọ́nà. Aṣọ kan náà ni! Béèlì kan náà ni! Wọn ò fẹ́ kí wọ́n rí àwọn níbi tí àwọn ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà á, ẹsẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, láàárín àwọn tálákà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n rí yín lọ́dọ̀ ẹ̀ ló wọ yín láṣọ.

Wọ́n ti ń na ìka márùn-ún sí mi, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òfin, ẹ jẹ́ kí n sáré gé e kúrú: òkírìkà wà lára ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọ sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà rárá. Ẹ wá wo ọjà. Owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà nìkan ni òfin yẹn fi kún béèlì. Rwanda fi kún owó ibodè òkírìkà tó ń wọ ilẹ̀ wọn lọ́dún 2016, Amẹ́ríkà sì bínú, lọ́dún 2018 wọ́n gba àǹfààní àìsanwó ibodè tí wọ́n fún aṣọ Rwanda lọ́wọ́ wọn…

Ibẹ̀ ni bàbá kan tó ń ránṣọ ní Mushin ti dìde. Wọ́n ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yín dùn létí, àmọ́ àwọn tó máa ń gbé yáàdì wá fún mi láti rán ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, òkírìkà ni gbogbo wọn ń rà báyìí. Ìgbà wo lẹ máa dé ọ̀dọ̀ àwa?" Gbọ̀ngàn pariwo. Mo pa bébà tí mo mú wá dé.

Bàbá, ẹ ò parọ́. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Nàìjíríà lé ní 100. Ọjà Aswani tí gbogbo wa ń lọ ní Túsìdeè, orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń jẹ́, òkírìkà la wá ń ṣà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. United Nigerian Textiles ní Kaduna ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007. Òkírìkà náà kó ipa tiẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iná tí ò sí, owó epo tí wọ́n ń dà sí ẹ̀rọ, àti ańkárá fàyàwọ́ láti Ṣáínà tí wọ́n lẹ "Made in Nigeria" mọ́, àwọn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pa wọ́n. Ẹni tó bá ní ìyá Katangowa ló pa wọ́n, ẹni tí ò lágbára ló rí lù.

Ti iṣẹ́ yín, bàbá, aṣọ òyìnbó ò mọ ìbàdí wa. Ṣòkòtò tó bá ìdí mu á fẹ̀ níbàdí, apá kóòtù á gùn, télọ̀ ló máa bá wa tún un ṣe. Ẹ wo àwọn ọbíọmà tó ń gbé máṣíìnì lé èjìká kiri tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì lu pọ́ọ̀-pọ́ọ̀, nídìí òkírìkà ni wọ́n ti ń jẹun.

Bàbá ní owó tí wọ́n ń san fún títún aṣọ ṣe ò tó nǹkan, pé ẹni tó ra kóòtù olówó ńlá lórí fóònù, tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, á máa ná an bíi pé àwọn jí owó ẹ̀. Mo ní ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn! Ẹ ń bu ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ kù, ẹ ń bọlá fún nylon.

Ìyá kan tó ń tajà ní Katangowa wá dìde lẹ́yìn, wọ́n ní àyè wà lábẹ́ àǹbúrẹ́là àwọn, kí bàbá gbé máṣíìnì wá, àwọn ò ní gba owó àyè, síìpù tó bàjẹ́ nínú béèlì àwọn ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe láràárọ̀. Bàbá ní síìpù mélòó? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná an títí tí onígbọ̀ngàn fi ní ká jáde.