Púrótéènì tó mọ ilà ara sẹ́ẹ̀lì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo inú abọ́ yìí. Àwùjẹ ni, àwọn mìíràn ń pè é ní pópóndó. Ọjà Ọba níbí n'Ílọrin ni mo ti rà á. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ láìsè, tí wọ́n kán omi rẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ A, ẹ̀jẹ̀ náà á ṣù jọ. Tí wọ́n bá kán an sí ẹ̀jẹ̀ O, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Báwo ló ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá wo ilà ojú yín á mọ ìlú tí ẹ ti wá. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara àti ẹ̀jẹ̀ wa, náà kọ ilà. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni awọ tó bò ó, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ṣúgà kéékèèké ló hù sí ìta awọ yẹn bí irun. Ṣúgà ẹyọ kan ṣoṣo ní ṣónṣó ẹ̀wọ̀n náà ni ẹ̀jẹ̀ A fi ju O lọ. Ẹyọ kan péré!

Lẹ́kítìnì ni púrótéènì tó ń ka ilà yìí. William Boyd, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1954, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "yàn". Ọwọ́ lẹ́kítìnì ju ẹyọ kan lọ: á fi kan di sẹ́ẹ̀lì yìí mú, á fi èkejì di òmíràn. Ọwọ́ kan ṣoṣo lè tètè já, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ bá dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní tú bọ̀rọ̀.

Lẹ́kítìnì inú èso lárà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Apá méjì ló ní. Apá kan á rọ̀ mọ́ ṣúgà galactose lára awọ, awọ á ká a mọ́ra, á gbé e mì. Tó bá dé inú, apá kejì á lọ ba ribosome jẹ́, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe púrótéènì. Sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi èso lárà ṣeré.

Ti ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín, awọ ìfun ló ń rọ̀ mọ́. Hóró 4 tàbí 5 tí kò jinná lè mú èèyàn bì kí wákàtí 3 tó pé. Iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ò ràn án. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5, ẹ fi omi tuntun sè é, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 30. Ooru yẹn ló ń tú lẹ́kítìnì palẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi ní mọ ilà kankan mọ́.

Omi tí mo fi rẹ àwùjẹ tiwa ti pọ́n báyìí. Ẹ jẹ́ kí n dà á nù, kí n gbé ìkòkò kaná.