Bí Ìbẹ̀rù Ṣe Ń Darí Ọwọ́ Ẹni tó Ń Ra Ìpín Ìdókòwò

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọkùnrin kan tó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tó ń wo ìpín ìdókòwò rẹ̀ lórí fóònù. Ìpín ilé-iṣẹ́ méjì ló rà, náírà 20 ló sì ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti gòkè dé náírà 23, èkejì ti já wá sí 14. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti tó san, ó sì di dandan kó ta ọ̀kan. Èwo ni yóò tà?

Èyí tó jèrè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tà. Ní 1998, Terrance Odean, onímọ̀ nípa ìṣúná owó, gbé ìwádìí kan jáde lórí àkáǹtì 10,000 tí àwọn ènìyàn fi ń ra ìpín tí wọ́n sì fi ń tà á ní Amẹ́ríkà, ohun tó sì rí nìyẹn: àwọn tó ní ìpín ń yára ta èyí tó gòkè, wọ́n ń di èyí tó já mú. Èyí tí wọ́n tà tún wá ṣe dáadáa lẹ́yìn náà ju èyí tí wọ́n dì mú lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣàlàyé pé àdánù máa ń dun ènìyàn ju bí èrè iye kan náà ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí onítọ̀hún kò bá tíì ta ìpín tó já, ó lè máa sọ fún ara rẹ̀ pé owó òun kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ìpín tó já láti 20 sí 14 ti pàdánù ìdá 30 nínú 100, àmọ́ kó tó padà sí 20, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 43 nínú 100 gòkè.

Àwọn tó wà nídìí ọjà yìí ní 2008 kò lè gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, òǹkà gbogbogbòò tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà lé ní 66,000. Nígbà tí ọdún yóò fi parí, ó ti já sí nǹkan bí 31,000. Ọ̀pọ̀ ló ti yá owó báńkì ra ìpín, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí èrè má kọjá wọn. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá: àwọn kan kò sún mọ́ ọjà náà mọ́ rárá, títí di 2023 tí òǹkà náà kọjá ibi tó ga dé ní 2008, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára náírà ti dín gidigidi kó tó dìgbà náà.

Lójú tèmi, ìgbà tí ara ṣì balẹ̀, kéèyàn tó rà rárá, ló yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé: ìdí tó fi fẹ́ rà, àti iye tí ìpín náà bá já dé tí yóò fi tà á láìṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkàn rẹ̀ jiyàn. Síbẹ̀, ìwé náà nìkan kò tó. Ìlànà ọjà Nàìjíríà kì í sábà jẹ́ kí iye ìpín já ju ìdá 10 nínú 100 lọ lóòjọ́, nítorí náà, ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn bá ń tà, ó ṣeé ṣe kéèyàn gbé ìpín rẹ̀ síta kó má rí ẹni tí yóò rà á, torí pé iye rẹ̀ kò tíì lè já dé ibi tí ẹlòmíràn yóò ti fẹ́ rà á. Ìdí nìyí tí owó ilé-ìwé ọmọ kò fi gbọdọ̀ sí lára owó tí ẹ ó fi ra ìpín.