Owó Tó Ga Ju Ti Ẹlòmíì: Kí Ni Yóò Gbè É Lẹ́sẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè tó mú wa jókòó ni pé: báwo ni oníṣòwò kékeré ṣe lè gba owó tó ju ti ẹlòmíì lọ, kí oníbàárà má sì sá? Inú ìwé ìṣirò ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ká ní iṣẹ́ kan ń mú 100 wọlé, tí ohun èlò àti owó òṣìṣẹ́ tó bá a lọ jẹ́ 70. Èrè orí iṣẹ́ kan jẹ́ 30. Oníbàárà 100 lóṣù á mú 3,000 wá, ibẹ̀ lẹ ó sì ti san owó ilé, owó iná àti gbogbo ìnáwó tí kì í yí padà. Tí ẹ bá já owó sí 90 kí èrò lè pọ̀, èrè di 20. Kí 3,000 yẹn tó pé, ẹ nílò oníbàárà 150. Ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ 100 tẹ́lẹ̀ náà ló máa wá ṣe 150: iṣẹ́ á pẹ́, àṣìṣe á pọ̀, ẹni tó tìtorí owó pọ́ọ́kú wá á tún bínú lọ. Ẹ wá wò ó láti apá kejì. Tí owó bá di 110, èrè di 40, oníbàárà 75 ti tó. Àmọ́ iṣẹ́ tó dára ní owó tó ń jẹ. Bí àtúnṣe tí ẹ ṣe bá ń gba 5 lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èrè di 35, oníbàárà 86 lẹ ó sì nílò. Ìyẹn ni pé ẹni 14 nínú 100 lè lọ kí èrè má sì dín. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú ìṣirò yìí fún ọjà tirẹ̀, kó má tíì fọwọ́ kan owó.

Iṣẹ́ wo wá ni à ń pè ní iṣẹ́ tó dára? Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ nípa ọjà títà mẹ́ta, A. Parasuraman, Valarie Zeithaml àti Leonard Berry, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n fi ń mọ bí iṣẹ́ ṣe dára tó, tí wọ́n pè ní SERVQUAL. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀: ká ṣe ohun tí a ṣèlérí, bí a ṣe ṣèlérí rẹ̀, ká tètè dá oníbàárà lóhùn, kí òṣìṣẹ́ mọṣẹ́ débi tí ọkàn ẹni á fi balẹ̀, ká gba ti ẹnì kọ̀ọ̀kan rò, àti ohun tí ojú ń rí, bí ilé, irinṣẹ́ àti aṣọ òṣìṣẹ́. Nínú ìwádìí wọn, pípa ìlérí mọ́ ló wúwo jù lọ́kàn oníbàárà. Ohun tí ojú ń rí ló gbẹ̀yìn. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ náwó sí: ọ̀dà tuntun, pátákó tuntun, ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbé síwájú yẹn.

Nínú gbogbo ìlérí, ti ọjọ́ ló máa ń yẹ̀ jù. Ẹ mú iṣẹ́ 20 tó kẹ́yìn, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dá sí apá kan, ẹ kọ ọjọ́ tí oníbàárà gba ọjà rẹ̀ sí apá kejì. Lójú tèmi, bí èyí tó bọ́ sí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tó 18, ẹ má tíì fi nǹkan kan kún owó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ọwọ́ yín lọ́ra, ọjọ́ tí ẹ dá ni kò ṣeé ṣe. Iṣẹ́ tó máa ń gba ọjọ́ 3 sí 5, ẹ ti ní "ẹ padà wá lọ́túnla" kí oníbàárà má bàa yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ dá ọjọ́ 6, kí ẹ parí rẹ̀ ní ìkarùn-ún. Bí ìdíwọ́ bá dé, ẹ pè é kí ọjọ́ tó pé, ẹ má dúró dìgbà tó bá débẹ̀. Kí ọjọ́ tuntun tí ẹ dá sì jẹ́ èyí tí kò ní yẹ̀ mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò náni ní nǹkan kan àfi bébà: ìwé tí a fi ń gba iṣẹ́ wọlé. Ẹ kọ bí ohun tí wọ́n gbé wá ṣe rí síbẹ̀ (ibi tó ti ha, bọ́tìnì tó ti já, ohun tó yẹ kó wà lára rẹ̀ tí kò sí), ẹ kọ ohun tí oníbàárà fẹ́, iye owó àti ọjọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Ẹjọ́ "bí mo ṣe gbé e wá kọ́ nìyí" kò ní wáyé mọ́.

Gàráńtì, ìyẹn ìlérí pé ẹ ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí àṣìṣe bá padà, ló ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Wọ́n rò pé yóò jẹ èrè tán. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí iṣẹ́ 4 nínú 100 bá ń padà wá, tí títún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ 30, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120. Tí a bá pín in sórí iṣẹ́ 100, kò ju 1.2 lọ lórí iṣẹ́ kan. Ó kéré gan-an sí 10 tí ẹ fi kún owó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tó kàn án sílẹ̀: àṣìṣe kan náà, ohun èlò tí ẹ̀yin fúnra yín fi sí i, láàárín 90 ọjọ́, èyí tó já bọ́ tàbí tí omi wọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ 20 nínú 100 bá ń padà, gàráńtì kọ́ ló kàn, iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ tún ṣe.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń béèrè iye kò tíì tọ́ ọ wò. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà nínú iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú iye. "A ó tú u, a ó pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, a ó dán an wò lójú yín kí ẹ tó gbé e. Bí àṣìṣe yìí bá padà láàárín 90 ọjọ́, ọ̀fẹ́ la ó tún un ṣe. Iye rẹ̀ nìyí." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹni tó bá ń bá àlàyé lọ lẹ́yìn tó ti dá iye, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì ló ń rí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dín in kù, ẹ yọ nǹkan kúrò nínú iṣẹ́: kí gàráńtì kúrú sí i, kí ọjọ́ gùn sí i, kí oníbàárà wá gbé e fúnra rẹ̀. Bí owó bá lọ sílẹ̀ tí iṣẹ́ kò yí padà, ẹ ti jẹ́wọ́ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́, ìdúnàádúrà kò sì ní tán láàárín yín mọ́.

Ti àwọn oníbàárà àtijọ́ gba sùúrù. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn àti ọrọ̀ ajé, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, bi àwọn ará Kánádà léèrè nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986: ilé ìtajà kan ń ta ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín ní dọ́là 15, ó sọ ọ́ di 20 láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí yìnyín rọ̀ gan-an. Ẹni 82 nínú 100 ní ìwà ìrẹ́jẹ ni. Síbẹ̀, nínú ìwádìí kan náà, ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀ bí owó bá gorí nítorí pé ohun tí oníṣòwò fi ń ṣe é ti wọ́n. Nítorí náà, ẹ má gbé owó sókè lọ́jọ́ tí ara ń ni oníbàárà. Kí àtúnṣe kọ́kọ́ hàn fún oṣù kan tàbí méjì. Kí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ẹni tuntun. Kí ẹ fún àwọn àtijọ́ ní 30 ọjọ́ ìkìlọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ti gbà wọlé, owó àtijọ́ ni.

Ọjà kan wà tí gbogbo èyí kò ràn: ọjà inú páálí tó rí bákan náà níbi gbogbo. Níbẹ̀, gbígbé e délé, títò ó àti kíkọ́ni bí a ṣe ń lò ó nìkan lẹ lè gbowó lé.

Lóṣooṣù, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: iye ẹni tí ẹ dá owó fún, iye ẹni tó gbà, iye iṣẹ́ tó padà, iye oníbàárà tó tún wá. Tí ẹni 10 bá béèrè tí gbogbo wọn gbà láì janpata, owó yín ti kéré jù. Tí ẹni 2 tàbí 3 péré bá gbà, ẹ má tíì sáré dín in. Ẹ bi àwọn tó lọ léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó wà nínú iye yẹn. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, àlàyé yín ló kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán tí wọ́n sì ní àwọn kò nílò rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́, kí owó rẹ̀ sì bá a lọ.