Ilẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Gbà Wọ́n Là: Ọ̀rọ̀ lórí Abúlé San Basilio de Palenque

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó péjọ, mo kí yín. San Basilio de Palenque, abúlé tí àwọn ẹrú tó sá mọ́ àwọn olówó wọn lọ́wọ́ tẹ̀ dó, wà ní Kòlóḿbìà, ní nǹkan bí kìlómítà 50 sí Cartagena tó wà létí òkun, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Montes de María. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran sísìn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn obìnrin wọn sì ń ru èso àti àdídùn àgbọn lọ tà ní Cartagena.

Ohun tí n kò yé tẹnu mọ́ ni pé kí a wo ilẹ̀ kí a tó wo akọni. Cartagena jẹ́ ọ̀kan nínú èbúté ńlá tí àwọn ará Spéìn ń kó ẹrú gbà wọ Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú náà kún fún irà, igbó dídí àti òkè, débi pé ẹṣin ológun kò lè sáré níbẹ̀, ẹni tó gbé ìbọn kò sì rí ju igi iwájú rẹ̀ lọ. Àwọn tó sá wọ inú igbó náà fi òpó igi ṣọgbà yí ibùdó wọn ká, ọgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní palenque.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé Benkos Biohó nìkan ló tẹ abúlé yìí dó. Mo bọlá fún ọkùnrin náà, ère rẹ̀ sì wà ní gbàgede abúlé. Òun ló kó àwọn ènìyàn sá kúrò lóko ẹrú, tó jà títí ìjọba fi bá a ṣe àdéhùn, kí wọ́n tó dalẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì yẹgi fún un ní 1621. Ṣùgbọ́n palenque pọ̀ nínú igbó yẹn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n jó níná. Ní 1691, ọba Spéìn fọwọ́ sí ìwé òmìnira, àwọn olówó ẹrú Cartagena sì kọ̀ ọ́. Nígbà tó di nǹkan bí 1713 sí 1714 ni Bíṣọ́ọ̀bù Antonio María Casiani ṣe alárinà àdéhùn tó fìdí múlẹ̀, lórí májẹ̀mú pé wọn kò ní gba ẹrú mìíràn tó bá sá wá. Àwọn tó ń ròyìn òmìnira yìí máa ń fo májẹ̀mú yẹn dá, ó sì ń dùn mí, nítorí ẹni tó sá dé lẹ́yìn ọjọ́ náà bá ilẹ̀kùn ní títì.

Níbí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti béèrè bóyá ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Ìbéèrè náà dára, mo sì pa ohun tí mo fẹ́ sọ nípa oko wọn tì láti dá a lóhùn. Ẹ má jẹ́ ká fi ìfẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tiwa: Kikongo, èdè àwọn ará Kóńgò ní Áfíríkà, ló hàn jù lọ nínú èdè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Spéìn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Màlúù ni ngombe, ọmọ ni moná. Bí ọmọ bá sì pọ̀, wọn a fi “ma” síwájú rẹ̀, ma moná, bí àwa ṣe ń fi “àwọn” síwájú ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kú, wọn a fi ìlù àti orin lumbalú sìn ín fún òru mẹ́sàn-án. Jíjìnnà tí abúlé náà jìnnà sí ìlú ló pa gbogbo èyí mọ́, ilẹ̀ náà ni mo tún padà sí yẹn.

Àkókò ti lọ, n óò gé e kúrú. Ní 1972, ọmọ abúlé náà, Antonio Cervantes abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, tí wọ́n ń pè ní Kid Pambelé, gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé, òkìkí rẹ̀ ló sì fa iná mànàmáná dé ilé wọn. Ní 2005, UNESCO kéde àṣà wọn ní ohun ìní aráyé. Èdè tí wọ́n ti ń fi bú wọn ní Cartagena tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ma moná ní ilé ìwé abúlé báyìí.