Bí Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Ọyàn Ṣe Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Oògùn Họ́mọ̀nù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n lo oògùn jẹjẹrẹ ọyàn bó ṣe yẹ, tí ara wọn le fún ọdún mélòó kan, tí àrùn náà sì tún yọjú sí egungun tàbí ẹ̀dọ̀. Àwọn ará ilé á ní oògùn náà kò lágbára mọ́, tàbí pé ayédèrú ni wọ́n rà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe oògùn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gan-an ló ti yí padà.

Nínú jẹjẹrẹ ọyàn mẹ́wàá, bíi méje ló ń ti ara ẹ́sítírójìn, họ́mọ̀nù obìnrin, dàgbà. Purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn tó ń gba ẹ́sítírójìn mọ́ra. ER ni àwọn dókítà ń pè é. Tí ẹ́sítírójìn bá ti so mọ́ ER, á lọ sórí DNA, ibi tí àwọn jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, wà, á sì jí àwọn jíìnì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ER rárá, George Beatson, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1896 pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan, jẹjẹrẹ ọyàn rẹ̀ sì súnkì.

Oògùn òde òní ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìyọ ilé ẹyin. Tamoxifen, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1977, máa ń gba ìjókòó ẹ́sítírójìn lára ER. Letrozole àti anastrozole ní tiwọn kì í jẹ́ kí ara obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró rí ẹ́sítírójìn ṣe. Oògùn gidi ni wọ́n: ọdún márùn-ún tamoxifen ń dín ikú jẹjẹrẹ yìí kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jàjàbọ́? Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni jíìnì ESR1, èyí tí ara fi ń ṣe ER. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lára àwọn aláìsàn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn káàkiri, ESR1 ti yí padà, pàápàá níbi tó ń ṣe ojú kẹtàdínlógójì-lé-ní-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (537) àti èyí tó tẹ̀ lé e (538) lára ẹ̀wọ̀n purotéènì ER. Ìyípadà kékeré ni, àmọ́ ER tó yí padà bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹ́sítírójìn mọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, bí ẹni pé họ́mọ̀nù wà lára rẹ̀. Kí ni letrozole fẹ́ ṣe sí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹ́sítírójìn tí oògùn náà gbẹ kò wúlò fún un mọ́? Tamoxifen pẹ̀lú kì í rọrùn dì mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìyípadà yìí ṣọ̀wọ́n nínú jẹjẹrẹ tí a kò tíì tọ́jú. Bí àgbẹ̀ bá fín oògùn sí koríko, èyí tí oògùn kò ràn ló máa gba oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó yàtọ̀ ṣe ń bí sí i nígbà tí àwọn yòókù ń kú.

Ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gba agbára láti ara HER2, purotéènì mìíràn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, tàbí jíìnì PIK3CA tó ti yí padà. Àwọn mìíràn pàdánù ER pátápátá, kò wá sí ohun tí oògùn máa dì mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó dá oògùn dúró nítorí ooru ara, oríkèé ríro tàbí owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn lè ṣì ràn án. Kó sọ fún dókítà rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Tí àrùn bá padà, ó yẹ kí wọ́n tún gé ẹran díẹ̀ níbi tó ti yọ, bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n yẹ ER àti HER2 wò lákọ̀tun. A lè rí ìyípadà ESR1 nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Oògùn fulvestrant ń ba ER fúnra rẹ̀ jẹ́. Elacestrant, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní 2023, wà fún àwọn tí ESR1 wọn ti yí padà. Àwọn oògùn bíi palbociclib náà ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró. Ó dùn mí pé owó wọn kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ èyí kò ní kí ẹ má tọ́jú ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́, nítorí òun ni dókítà máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun láti mọ ohun tó yí padà.