Ojú Ọjọ́ Inú Ihò: Ìtọ́jú Ọmọ́ńlé Onírù-Ọ̀rá Láti Ìgbà Òtútù Dé Ìgbà Ooru

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lọ́jọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹranko tí ọ̀rọ̀ náà dá lé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ́ńlé ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń sáré lára ògiri nílé. Hemitheconyx caudicinctus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi ń pè é ní onírù-ọ̀rá, torí inú ìrù ló ń kó ọ̀rá pa mọ́ sí de ọjọ́ àìrí-jẹ. Ilẹ̀ ló ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní ìpéǹpéjú tó fi ń ṣẹ́jú bíi tèmi tìrẹ, òru ló sì ń jẹ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Kamẹrúùnù ló ń gbé. Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà láàárín. Ará ilé ni, ó kàn bá wa dé ìlú òyìnbó ni.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni pé ojú ọjọ́ tí wọ́n ń kéde lórí rédíò kọ́ ni ẹranko yìí ń gbé. Ojú ọjọ́ inú ihò rẹ̀ ló ń gbé.

Ẹ rántí ọyẹ́. Ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, aṣọ tí a sá láàárọ̀ á ti gan kí oòrùn tó kan àtàrí. Onírù-ọ̀rá wà nínú ọyẹ́ yẹn ní ọ̀dàn, síbẹ̀ awọ rẹ̀ ń jọ̀lọ̀. Ó ti wọ abẹ́ òkúta, tàbí inú ihò tó jìn díẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ṣì ní omi lára. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀ ọ́. Ẹnu ògiri yẹn gan-an ni ẹranko wa ń wá, ọ̀rinrin ló sì ń bá níbẹ̀.

Wàyí o, ẹ wo yàrá wa ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kìíní. Òjò ń rọ̀ níta, kurukuru bo títì, ẹnikẹ́ni á rò pé omi kún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù kò lè gbé omi púpọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 0°C, tó gba omi dé ibi tí kò lè gbà mọ́, tó wá wọlé, tí hítà sì mú un gbóná dé 21°C, omi inú rẹ̀ kò lé, kò dín. Àyè tó ní fún omi ló fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀rinrin tó jẹ́ 100% níta á di nǹkan bí 25% nínú pálọ̀. Ọyẹ́ nìyẹn, nínú ilé, nígbà tí òjò ń lu fèrèsé.

Mi ò mọ èyí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ sin ọ̀kan. Òṣùwọ̀n ọ̀rinrin tí mo lẹ̀ mọ́ òkè àpótí dígí ń sọ 30%, mo ní ó tó, mo rò pé ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ó bọ́ awọ, ti ẹsẹ̀ kò bọ́ tán. Èyí tó ṣẹ́ kù gan, ó fún ọmọ ìka rẹ̀ bí òwú, ìka méjì sì já. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Bó bá jáde lálẹ́ láti wá jẹ ìrẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá gbọ́ báyìí, fífọ́n omi sí gbogbo àpótí ló máa ń yá wọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Afẹ́fẹ́ á tún gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀ àpótí á sì wà ní rínrin síbẹ̀. Bí òtútù bá bá rínrin yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò kọlù, ẹ ó sì máa rí ìtọ́ ní ẹnu rẹ̀, á máa la ẹnu mí. Ihò ni kí ẹ ṣe fún un. Ẹ mú ike onídèérí, ẹ gé ẹnu ọ̀nà sí i, ẹ fi sphagnum kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ewéko rírọ̀ tó ń fa omi bíi kànìnkànìn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un títí tí kò fi kán mọ́. Ẹ gbé ike náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó gbóná, kí ooru lè máa gbé ọ̀rinrin sókè nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àpótí lè wà láàárín 50 sí 60%, inú ike yẹn á ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹranko á sì yan èyí tó wù ú. Ẹ máa pààrọ̀ ewéko náà, torí ó lè bu bí búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Ní ti ooru, ibi tí ikùn rẹ̀ ń fara kan ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ apá kan wà ní 31 sí 33°C, apá kejì ní 24 sí 26°C, kó lè máa lọ kó máa bọ̀. Ó lè tutù dé 22°C lóru. Ẹní oníná tí a ń tẹ́ sábẹ́ àpótí gbọ́dọ̀ ní thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru, tí yóò máa pa á, tí yóò máa tàn án. Láìsí i, ó lè kọjá 40°C, kó sì jó ikùn ẹranko tó sùn lé e.

Ìbátan rẹ̀ kan wà, tí ara rẹ̀ ní tótòtó bíi ti àmọ̀tẹ́kùn, ará Pakísítàn àti Afuganísítàn. Àwọn kan máa ń dín ooru ìyẹn kù gidi lọ́wọ́ òtútù, kó lè sinmi kó tó gùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwa. Òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọ̀dàn tí a ti mú un wá. Bí àgbà rẹ̀ bá dín oúnjẹ kù lóṣù Kejìlá, tí ooru sì pé, ẹ máa fi ìwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá fọn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbà ooru kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àyàfi ọjọ́ bíi 19 oṣù Keje ọdún 2022, tí ooru dé 40.3°C ní Coningsby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thermostat á pa ẹní oníná, kò lè mú yàrá tutù. Bí ibi tútù àpótí bá ń sún mọ́ 33°C, ẹ gbé àpótí kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ pátápátá, torí ooru ń lọ sókè. Ẹ fi táwẹ́lì wé ìgò omi dídì, ẹ gbé e lé orí ìdérí. Ẹ wo ewéko inú ike lójoojúmọ́, yóò máa yára gbẹ.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi: "Bí mo bá fẹ́ lọ kí wọn nílé ní Kérésìmesì ńkọ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko?" Mo ní, mà, ìrù rẹ̀ lè gbé àgbà tó sanra ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Omi mímu àti ike yẹn ni kò ní dúró dè yín. Ẹ fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́, kó wá lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta, kó pààrọ̀ omi, kó sì rin ewéko náà. Ẹ má pa iná tìtorí owó ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru tí ẹ fi thermostat sí sára àpótí gàdàgbà: "32°C. Ẹ má fọwọ́ kàn án."