Àlùmọ́gàjí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì: iṣẹ́ Aziz Sancar

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó dìde báyìí ni ẹnì kan ti ń bi mí pé kí ló kan oòrùn kan jẹjẹrẹ, ẹ jẹ́ ká kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. DNA inú sẹ́ẹ̀lì wa dà bí okùn méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, lẹ́tà mẹ́rin péré, A, T, C àti G, ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀. Tí UV, ìtànṣán inú oòrùn tí ojú ò lè rí, bá wọlé sí i, T méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè lẹ̀ pọ̀, bí ojú ìwé méjì tí omi dà sí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wá fẹ́ ṣe ẹ̀dà DNA ẹ̀, tó débẹ̀, ó lè ṣi lẹ́tà kọ, irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ tó bá ń gorí ara wọn ló lè di jẹjẹrẹ.

Aziz Sancar ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wá bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tún irú ìbàjẹ́ yìí ṣe. Savur ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946, òun ni ìkeje nínú ọmọ mẹ́jọ, àwọn òbí ẹ̀ ò kàwé ṣùgbọ́n wọn ò fi ìwé àwọn ọmọ wọn ṣeré rárá. Ó ṣe dókítà ìwòsàn, ó tọ́jú èèyàn lábúlé fúngbà díẹ̀, ọkàn ẹ̀ sì wà níbòmíì. Ohun tó gbà á lọ́kàn nìyí: bakitéríà tí UV ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán, tẹ́ ẹ bá tan iná búlúù sí i, á tún jí. Ó lọ bá onímọ̀ kan, Claud Rupert, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ó rí jíìnì, ìyẹn apá DNA tó ń pàṣẹ, tó ń jẹ́ kó jí bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1976, wọ́n fún un ní PhD lọ́dún 1977.

Dókítà lẹ́ẹ̀mejì o, àwọn lábù mẹ́ta tó kọ̀wé sí, gbogbo wọn ní àwọn ò fẹ́! Ló bá lọ gba iṣẹ́ tẹkiníṣíàn ní yunifásítì Yale. Ìtìjú ńlá ni fún ẹlòmíì, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ló ti ríṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Ó tan UV sí bakitéríà títí DNA ńlá inú ẹ̀ fi fọ́ yángá, ṣùgbọ́n àwọn DNA róbótó kéékèèké inú ẹ̀, tó ti fi jíìnì àtúnṣe sí, kéré débi pé UV ò rí púpọ̀ nínú wọn bá, torí náà púrótéènì (ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nípa àṣẹ jíìnì) tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, tiwọn ni. Ohun tó ń ba DNA jẹ́ ló fi wá ohun tó ń tún un ṣe, ẹ ò rí ọgbọ́n! Bó ṣe rí UvrA, UvrB àti UvrC mú nìyẹn, púrótéènì mẹ́ta tó jọ ń ṣe àlùmọ́gàjí tí mò ń sọ.

Lọ́dún 1983 òun pẹ̀lú ọ̀gá ẹ̀, Dean Rupp, wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í gé ojú ibi tó bàjẹ́, apá ọ̀tún àti apá òsì ẹ̀ ni wọ́n ń gé, bíi télọ̀ tó ń yọ ibi tí aṣọ ti jóná, lẹ́tà bíi 12 tàbí 13 á já bọ́. Okùn kejì tí ò bàjẹ́ ni àwọn púrótéènì míì á wò kọ òmíì dípò, torí ibi tí A bá wà lára ọ̀kan, T ló wà lára èkejì, wọ́n á sì rán an pa. Ti bakitéríà nìyẹn, tèèyàn ń gé lẹ́tà bíi 27. Àwọn tí wọ́n bí láìní àlùmọ́gàjí yìí dáadáa, oòrùn ọ̀sán lásán lè fún wọn ní jẹjẹrẹ awọ láti kékeré.

Lọ́dún 2015 òun, Tomas Lindahl àti Paul Modrich pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan ní ṣé àlùmọ́gàjí yìí kì í sùn ni? Mo ní mà, ó ń rẹ̀ ẹ́. Lábù Sancar tan UV sí eku, àwọn kan láago mẹ́rin ìdájí, àwọn kan láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, jẹjẹrẹ awọ tí ti ìdájí ní tó ìlọ́po márùn-ún ti ìrọ̀lẹ́, torí ìdájí ni àtúnṣe wọn máa ń lọ sílẹ̀. Ìyá ní ṣé kóun máa yẹra fún oòrùn àárọ̀ ni? Mo ní rárá mà, òru ni eku ń jáde, aago inú ara tiwa yàtọ̀ sí tiẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ló rí lára wa.